Ìdúró Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Lórí ìtàgé ní New York, bí Ambrose Thackett bá ti ilẹ̀kùn wọlé nínú eré, kì í sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Yóò dúró. Yóò yọ àyà síta, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀, yóò sì gbójú sókè bí ẹni tó ń wo àjà ilé. Àwọn òǹwòran yóò pàtẹ́wọ́. Kò tíì ṣe ohunkóhun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Nítorí pé òun ló wọlé ni. Nígbà tí àtẹ́wọ́ bá ń rọlẹ̀, tí kò tíì tán, ìgbà náà ni yóò tó la ẹnu. Gbogbo òṣèré ńlá ayé ìgbà náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọ́ni. Ara ló ń kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ẹsẹ̀ Thackett mọ ìdúró náà ju orí rẹ̀ lọ.

Ìdúró yìí ló bá a dé Hollywood.

Ọdún tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti ń ya sinimá odi, èyí tí ẹnu ń mì tí ohùn kò jáde, wá ń sáré sókè sódò bí ẹni tí iná ń jó lórí òrùlé. Wọ́n ń wá eré tó kún fún ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Wọ́n ra eré orí ìtàgé, wọ́n sì kó àwọn òṣèré ibẹ̀ mọ́ ọn. Brandeker, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tí kò tóbi púpọ̀, ra eré tí wọ́n ń pè ní Ọmọbìnrin Merrow, ó sì ránṣẹ́ pe Thackett, ẹni tó ti ń ṣe Adájọ́ Merrow láti ọjọ́ tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Adájọ́ kan lé ọmọ rẹ̀ kúrò nílé. Lọ́jọ́ kan ó ti kóòtù dé, ó bá ọmọ náà nínú pálọ̀. Ó béèrè pé, “Ta ló wà nínú ilé mi?” Ọmọ náà dáhùn. Ìyókù eré náà ni ohun tí àwọn méjèèjì bára wọn sọ.

Lenore Vasek ni wọ́n mú ṣe ọmọ. Ọmọ àgbẹ̀ láti Nebraska ni. Ó ti ṣe sinimá odi débi pé kò sí ìlú tí wọn kò ti mọ ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìlú tí wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Brandeker kù díẹ̀ kó parí. Brandeker sì ti sọ ọ́ láìfi bò: bí ohùn Lenore bá gbà nínú sinimá yìí, iṣẹ́ ń bẹ, bí kò bá gbà, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló mọ̀. Thackett náà mọ̀.

Ó mọ̀, síbẹ̀ ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, ó gbé kọfí dání, ó ń sọ fún àwọn tó yí i ká pé àwọn ará sinimá odi wọ̀nyí, ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n ya ẹnu, eyín nìkan lèèyàn máa bá níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lenore jókòó sí tábìlì kejì, ó ń bó ẹyin sísè. Òun náà rẹ́rìn-ín. Thackett rò pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ya ìgbà tí adájọ́ wọlé, ooru mú nínú ilé náà bí inú ààrò. Kúbùsù ni wọ́n fi bo gbogbo ògiri, kí ohùn má baà ta padà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n ti kámẹ́rà àti ẹni tó ń yí i mọ́ inú àpótí ńlá kan tó ní fèrèsé gíláàsì, nítorí ariwo kámẹ́rà. Bí ọkùnrin náà bá jáde, á dà bí ológbò tó já sódò. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wà nínú ìkòkò òdòdó lórí tábìlì. Lókè, nínú yàrá kékeré kan, Pruitt tó ń tọ́jú ohùn jókòó, ó fi ẹ̀rọ bo etí. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ti Pruitt. Orí àwo ìda ni wọ́n ń kọ ohùn sí, wọn kì í sì í gé àwo, wọn kì í sì í lẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá wọ inú rẹ̀ títí dé òpin ló wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá wúkọ́, gbogbo rẹ̀ dòfo.

Iná pupa tàn. Àwo ti ń gba ohùn nìyẹn. Thackett ti ilẹ̀kùn, ó wọlé. Ó dúró.

Ó yọ àyà síta. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá. Ó gbójú sókè. Ìdákẹ́jẹ́ tó pàdé rẹ̀ níbẹ̀, kò tíì bá irú rẹ̀ pàdé lẹ́nu ilẹ̀kùn kankan rí. Ara rẹ̀ kò mọ̀. Ara rẹ̀ ń dúró. Ó wo òkè, ó rí kúbùsù. Ó tún dúró. Ìgbà náà ni ó tó rántí ibi tó wà, ó sì mọ ohun tó ń retí. 

Kó tó rí ọ̀rọ̀ mú jáde, Lenore yíjú kúrò níbi ààrò ìyáná tí wọ́n kọ́ sínú pálọ̀ eré náà. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀, ó sì rọra sọ pé, “Bàbá, èmi ni. Mo ti dé.”

Bí wọ́n ti ń ṣe níbi iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Nínú sinimá odi, bí ẹlẹgbẹ́ ẹni bá kọsẹ̀, èèyàn kì í dúró wò ó. Á fi ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ bo ìkọsẹ̀ náà, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu àgbà ni. Ó nawọ́ sí i.

Olùdarí, Gus Hanlin, ní kí wọ́n dúró. Ọmọ sinimá odi lòun náà, ẹ̀rù àwọn ará New York sì ń bà á. Ó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè lọ́wọ́ Thackett bóyá ọ̀rọ̀ ló sá lọ.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá parí rẹ̀. Kó ní, “Ẹ má bínú, àtẹ́wọ́ ni mo ń dúró dè.” Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un ṣe, ó tán. Ṣùgbọ́n ó wo ojú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, ó wo àwọn tó ń tọ́jú iná, ó wo Pruitt lókè, lẹ́yìn gíláàsì yàrá rẹ̀. Ó wo Lenore. Àánú rẹ̀ wà lójú Lenore kedere, èyí ni kò sì lè gbà.

“Kò sí ọ̀rọ̀ tó sá lọ,” ni ó wí. “Ìdúró yẹn wà nínú iṣẹ́. Adájọ́ mọ̀ ọ́n lára pé ọmọ òun wà nínú ilé kó tó rí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní New York. Ọmọ yìí ló já lu ọ̀rọ̀ mi.”

Lenore ní, “Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé…”

“Má rò ó. Dúró de ìgbà tó bá kàn ọ́. Lórí ìtàgé, omidan, à ń tẹ́tí. Ẹni tí kò bá lè tẹ́tí, kí ni yóò rí sọ?”

Lenore wò ó, ó pẹ́ díẹ̀. Ojú kíkà ni iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti kékeré; ó mọ bí ojú ẹni tó ṣìnà ṣe ń rí, ó sì mọ bí ojú ẹni tó ń parọ́ ṣe ń rí. Thackett mọ̀ pé ó mọ̀. Lenore padà síbi ààrò.

Wọ́n tún un ṣe. Nísinsìnyí Thackett ní láti dúró, torí ó ti sọ pé ìdúró wà nínú iṣẹ́. Ó dúró pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ó lè dà bí ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Irọ́ kì í gbà kí wọ́n bọ́ òun lẹ́ẹ̀kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Hanlin fa Thackett sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè bóyá Lenore lè gbé iṣẹ́ náà, nítorí òun ló ni ọ̀rọ̀ gígùn tó wà lẹ́bàá ààrò, níbi tí ọmọ ti ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn tí wọ́n lé e. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Thackett wà lọ́jà náà, òun gan-an ló sì wọ́ orí ọmọ. Ó ní ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní kò mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ ẹ̀bá ààrò lọ́wọ́ Lenore, wọ́n ti gbé e fún adájọ́. Adájọ́ ni yóò máa ro ìyà tó jẹ ọmọ rẹ̀, ọmọ á kàn máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Thackett kọjá lẹ́yìn ògiri pálọ̀ tí wọ́n fi pákó ṣe, ó rí Lenore tó jókòó lórí àpótí ìṣó, ó ń fi aṣọ ìnujú nu àtíkè lọ́rùn, ìwé eré wà lórí itan rẹ̀. Kò sunkún. Ì bá sunkún, ì bá sàn fún Thackett. Èèyàn á lè bínú sí ẹkún.

Dípò ẹkún, ìkíni ló ń bá a pàdé. Láràárọ̀, Lenore á ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá,” bó ti ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀, kò dín, kò lé. Ìkíni náà há a lọ́fun bí egungun ẹja. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ilé oúnjẹ. Ilé ìtajà oògùn tó wà nígun òpópónà, tó ń ta kọfí pẹ̀lú, ni ó ti ń mu kọfí rẹ̀, lórí àga gíga, láàárín àwọn akọ̀wé tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohùn ọmọ náà kéré lóòótọ́. Ó sọ ọ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Àṣà Brandeker ni pé bí sinimá bá parí, kó tó gbé e jáde, á gbé e lọ sí ìlú kékeré kan láìkéde. Wọ́n á fi hàn lẹ́yìn sinimá tí àwọn èèyàn tìtorí rẹ̀ wá, òun á jókòó sẹ́yìn, á máa gbọ́ ohun tí àwọn tó ń já ọsàn àti àwọn tó ń ta ọjà ń sọ. Ó ní àwọn nìkan ni kì í parọ́ fún òun. Pomona ni wọ́n gbé Ọmọbìnrin Merrow lọ. Wọ́n jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn: Brandeker, Hanlin, Thackett. Lenore dé kẹ́yìn, àyè tó ṣẹ́kù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Thackett.

Ilẹ̀kùn ṣí lójú àwòrán. Thackett rí ara rẹ̀ tó wọlé, tó sì dúró.

Ọkùnrin tó wà lójú àwòrán tóbi bí ilé. Ó yọ àyà síta, ó gbójú sókè. Kò sí ohùn kankan àyàfi àwo tó ń ta ṣáṣá bí epo gbígbóná. Ó dúró. Ẹnì kan wúkọ́. Ó ṣì dúró. Àgbẹ̀ kan níwájú, ẹni tí ohùn rẹ̀ mọ pápá ju inú ilé lọ, sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Bàbá yìí ti gbàgbé ohun tó bá wálé.”

Ẹ̀rín bẹ́. Ẹlòmíràn láti ọ̀nà òsì ní kí wọ́n fún bàbá ní àga, kó jókòó rò ó dáadáa. Ẹ̀rín náà wá lọ káàkiri, àwọn obìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn ń mì. Thackett kò lè wo iwájú, kò lè wo ẹ̀gbẹ́. Ó wo eékún ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gé ìdúró náà kúrú. Ó wà lórí àwo, òun ló sì sọ pé kó gùn.

Nígbà náà ni ó gbọ́ àtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Lenore ni. Ó ń pàtẹ́wọ́ láìkánjú, bí ẹni tó ń kí àgbà káàbọ̀. Obìnrin kan níwájú wẹ̀yìn, ó rò pé ẹni ńlá ni ọkùnrin ojú àwòrán ní láti jẹ́, ó bá a pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn dá sí i. Ojú ti àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n dákẹ́. Bí àtẹ́wọ́ náà ti ń rọlẹ̀, tí kò tíì tán, ọkùnrin ojú àwòrán la ẹnu. Ó bọ́ sí i gẹ́ẹ́, bí ọmọrí ìkòkò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ilé eré rí mọ ohun tí ìdúró náà wà fún báyìí. Nínú òkùnkùn, Hanlin rọra yí orí, ó sì wo Thackett.

Láyé Thackett, kò sí àtẹ́wọ́ tó gbà tó dùn ún tó yẹn.

Ìyókù sinimá náà kò ṣàánú rẹ̀. Nígbà tí Lenore dáhùn lójú àwòrán, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì sún mọ́ni, bí ẹni tó ń báni sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná; gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni Thackett bú sí i bí ààrá, ohùn tó kọ́ láti fi bá àwọn tó jókòó lókè pátápátá sọ̀rọ̀, ó ń ro ìyà ọmọ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìyá arúgbó kan béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ pé kí ló dé tí ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí ọmọ sọ tẹnu ara rẹ̀.

Níta, òórùn òdòdó ọsàn gba gbogbo ojú pópó. Brandeker dúró lẹ́bàá ọkọ̀, ó tan sìgá. Ó ní wọ́n ní láti tún ìgbà tí adájọ́ wọlé yà látòkèdélẹ̀. Ó ní ará oko tó sọ̀rọ̀ àga yẹn gbọ́n ju gbogbo wọn lọ: kí wọ́n gbé adájọ́ jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ ọmọ ló máa gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Hanlin gbà. Thackett náà gbà. Lenore wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀, ó ń dé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ń gbọ́.

Brandeker wá ní, “Ohùn ọmọ yẹn dára. Mi ò retí ẹ̀. Ṣùgbọ́n Hanlin sọ pé kì í tẹ́tí, pé ó ń já lu ọ̀rọ̀ èèyàn, á sì ba àwo jẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Mi ò lè gbé eré tó ń bọ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, àbí, Thackett?”

Ìdáhùn kan ti múra tán lẹ́nu Thackett, ó ti wọṣọ, ó ti dé fìlà: pé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ì bá gba Lenore là, ì bá sì gba òun náà là. Kò sí ẹni tí yóò béèrè síwájú. Ó gbé e mì.

“Kò já lu ọ̀rọ̀ mi,” ni ó wí. “Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu tó máa já lù. Mo wọlé, mo sì dúró, torí bí mo bá wọlé, wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gbàgbé ibi tí mo wà. Ó rò pé mo ṣìnà, ó sì wá mú mi. Mo wá parọ́ mọ́ ọn kí ojú má baà tì mí.”

Brandeker yọ sìgá lẹ́nu.

“Àtẹ́wọ́,” ni ó wí. “Nínú yàrá tá a fi kúbùsù bò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ta ni ì bá pa á? Pruitt?”

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Thackett dúró, ó gba ẹ̀rín náà bí ẹni tó ń gba ohun tó tọ́ sí i. Brandeker sọ fún Hanlin pé kó dá ọ̀rọ̀ ẹ̀bá ààrò padà fún ẹni tó ni ín, gbogbo rẹ̀. Ó sọ fún Lenore pé kó wá rí òun lọ́jọ́ Ajé nípa àdéhùn rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan fún Thackett nípa eré mìíràn, Thackett kò sì béèrè.

Lẹ́yìn ọkọ̀ ni wọ́n fi òun àti Lenore sí. Wọ́n kọjá oko ọsàn kan, wọ́n kọjá òmíràn, kó tó lè sọ̀rọ̀.

“Kí ló dé tó o fi pàtẹ́wọ́?”

“Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọwọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀, sà.”

Ó jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mo ṣẹ̀ ọ́, Lenore.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣẹ̀ mí.”

Kò fi kún un pé kò tó nǹkan. Ó yíjú sí fèrèsé, ó sì ń wo àwọn igi tó ń sáré lọ.

Nígbà tí wọ́n tún un yà, Hanlin fúnra rẹ̀ ló gbé àga wá. Thackett jókòó sínú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà ju bó ti fẹ́ lọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, ooru sì bẹ̀rẹ̀. Iná pupa tàn. Lenore ti ilẹ̀kùn, kò sì dúró. Ó wọlé bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọ́n á gbá òun létí tàbí wọ́n á gbá òun mọ́ra, ó rìn dé ẹ̀bá ààrò, ó sì ro ìyà ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ohùn kékeré yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ohun tí adájọ́ ń ṣe níbẹ̀ ju kó máa gbọ́ lọ.

Nígbà tó parí, àtẹ́lẹwọ́ Thackett ń yún un láti pàtẹ́wọ́. Àwo ṣì ń yí lókè, ìkòkò òdòdó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tó bá dún. Ó ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín eékún, ó fún wọn mọ́lẹ̀, ó sì dákẹ́.